Ohun Tí Pápá Kọ́ Wa Nígbà Èwe

Ẹsẹ Bíbélì fún àṣàrò: 1 Kọ́ríńtì 9:24–27, 2 Tímótíù 2:5, Òwe 24:16, Lúùkù 16:10

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan sínú rẹ̀, mo rò pé ìṣirò owó ni n ó kọ nípa rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó tì í, ohun tí ó wá sí mi lọ́kàn ni pápá tí ó wà lẹ́yìn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa, pápá tí iyanrìn rẹ̀ pọ̀ ju koríko lọ, tí igun rẹ̀ kan sì máa ń di adágún omi nígbà òjò. Mo kàwé nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, n kò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n orí pápá yẹn ni mo ti kọ́kọ́ mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́, ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà kò sì dùn mọ́ mi.

Ẹni tí ó bá mọ Òkè-Odò nígbà náà yóò rántí pé ilẹ̀ òfìfo ṣì wà káàkiri. Láti Abúlé Ẹ̀gbá dé Ìpájà, láti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Ìkòtún àti Ìgándò, ibi yòówù tí onílẹ̀ kò bá tíì kọ́lé sí, àwa ọmọdé ti sọ ọ́ di pápá. A ó to òkúta méjì síhìn-ín, méjì sọ́hùn-ún, a ó pè é ní mọ́ńkí póòsì. Bí owó bọ́ọ̀lù gidi kò bá sí, fẹ́lẹ́lẹ́ ni a ó dáwó rà. Àwọn ìyá wa wà lọ́jà Ilé-Epo, àwọn bàbá wa wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí ẹni tí ó ń ṣọ́ wa bí kò ṣe òfin eré tí àwa fúnra wa fi ohùn sí. Lónìí, Alimosho ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò pọ̀ sí jùlọ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006 pàápàá, iye wa ti lé ní mílíọ̀nù kan. Ilé, ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìjọsìn ti gba ibi tí òkúta wa wà. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí á jókòó, kí á bi ara wa pé: kí ni eré ìdíje fi kọ́ wa, kí sì ni àwọn ọmọ wa yóò pàdánù bí kò bá sí i mọ́?

ẸKỌ́ KÌN-ÍN-NÍ: ÌMÚRA NI Ó Ń ṢÁÁJÚ ADÉ

Nígbà tí Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí ìjọ Kọ́ríńtì nípa àwọn tí ń sáré ìje, kì í ṣe àlọ́ ni ó ń pa fún wọn. Ìtòsí ìlú wọn gan-an, ní Isthmia, ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje ńlá kan ní ọdún méjì méjì. Ewé ni wọ́n fi ń hun adé fún ẹni tí ó bá borí, ewé náà a sì rọ. Síbẹ̀, nítorí adé tí yóò rọ yìí, àwọn ọkùnrin a máa fi ebi pa ara wọn, wọn a máa fi òógùn wẹ̀. Ìbéèrè Pọ́ọ̀lù ni pé, bí a bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ewé, kí ni ó yẹ kí á ṣe fún èyí tí kì í rọ?

Olùkọ́ eré ìdárayá wa kò ka ẹsẹ yìí sí wa létí lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ó mú wa rìn nínú rẹ̀. Agogo márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀ ni a gbọ́dọ̀ ti wà ní pápá. Fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú sáà kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ wa kò ní kan bọ́ọ̀lù rárá. Eré sísá ni, ìdọ̀bálẹ̀ ni, ìfò sókè ni. Bí a bá kùn, a ní, “Ẹni tí kò lè sáré láìsí bọ́ọ̀lù, kí ni yóò fi bọ́ọ̀lù ṣe?” Ẹni tí ó bá sì kùnà nínú ìdánwò sáà, kò ní wọ aṣọ ẹgbẹ́ ní sáà tí ó tẹ̀ lé e, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òun ni ó mọ bọ́ọ̀lù gbá jùlọ.

Nígbà náà, a rò pé ìkà ni. Nígbà tí mo dàgbà ni mo rí i pé ọ̀nà tí àwọn tí à ń yìn gbà nìyẹn. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Pólì Ìbàdàn, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Shooting Stars ní ìgbà kan náà. Ó wà nínú ẹgbẹ́ náà ní ọdún 1976 nígbà tí wọ́n di ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tí ó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, ní pápá ìṣeré orílẹ̀-èdè ní Sùúrùlérè, òun ni ó gbá méjì sínú àwọ̀n nínú mẹ́ta tí Nàìjíríà fi na Àlùjíríà sí òdo. Ìwé kò dí bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ́wọ́, bọ́ọ̀lù kò sì jí ìwé rẹ̀ gbé.

Ẹ wo àwọn tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì pẹ̀lú, eré tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó kọ́ lórí pákó tí wọ́n gbé ka iwájú ilé. Ṣẹ́gun Tóríọlá lọ sí ìdíje Olímpíìkì ní ẹ̀ẹ̀meje, láti Barcelona ọdún 1992 títí dé Rio ọdún 2016. Fúnkẹ́ Òṣónáìkè náà lọ ní ẹ̀ẹ̀meje, láti Atlanta ọdún 1996 títí dé Tokyo. Ìdíje tí à ń ṣe ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni Olímpíìkì. Ẹni tí yóò dé ibẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀meje yóò fi nǹkan bí ọdún 24 pa ara rẹ̀ mọ́. Kò sí ẹ̀bùn àbínibí tí ó lè dá ṣe èyí. Àṣà jíjí ní òwúrọ̀ ni.

ẸKỌ́ KEJÌ: ÌṢUBÚ KÌ Í ṢE ÒPIN, ÌSẸ́GUN KAN KÌ Í SÌ Í ṢE ÒPIN

Òwe 24:16 sọ̀rọ̀ nípa olódodo tí ó ń ṣubú léraléra, tí ó sì ń dìde. Kò sí ibi tí ọmọdé ti lè tètè kọ́ èyí bí orí pápá, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti ń ṣubú lójú gbogbo ayé, tí kò sì sí ẹni tí yóò bò ọ́.

Àwọn tí wọ́n ti dàgbà díẹ̀ nínú wa kò lè gbàgbé oṣù kejì ọdún 1989. Ní ìlú Dammam ní Saudi Arabia, àwọn ọ̀dọ́ wa tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pé 20 pàdé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Soviet Union. Kí wákàtí kan tó pé, wọ́n ti fi ayò mẹ́rin sí òdo nà wá. Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ti pa rédíò àti tẹlifíṣọ̀n wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà kò wo ojú pátákó mọ́. Wọ́n wá ẹyọ kan, wọ́n rí i. Wọ́n wá èkejì, títí ó fi di mẹ́rin sí mẹ́rin. Nígbà tí ó di ti pẹnárítì, àwa ni a borí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní iṣẹ́ ìyanu Dammam.

A fẹ́ràn láti dá ìtàn náà dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á parí rẹ̀ fún àwọn ọmọ wa: àwọn ọmọ náà dé ìpele àṣekágbá, Potogí sì na wọ́n ní ayò méjì sí òdo. Iṣẹ́ ìyanu ọjọ́ kan kò gba ife. Ẹni tí ó dìde lónìí gbọ́dọ̀ tún dìde lọ́la, ó sì lè pàdánù síbẹ̀, kí ó má sì jẹ́ ọ̀lẹ.

Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama Our Lady of Apostles níbẹ̀, fi ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ èyí. Ní Doha ọdún 2019, ó ṣe ipò kẹrin nínú eré ìfòdènà ọgọ́rùn-ún mítà ti gbogbo àgbáyé. Ní Tokyo ọdún 2021, ipò kẹrin náà ni. Ẹni tí ó bá ṣe ipò kẹrin kò ní àmì ẹ̀yẹ kankan láti fi han ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 2022, ní Eugene ní Amẹ́ríkà, ó sá eré náà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12, èyí tí ẹnikẹ́ni kò sá rí láyé kí ó tó dìgbà náà, ó sì di akọni gbogbo àgbáyé lọ́jọ́ kan náà. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti fi pápá sílẹ̀ lẹ́yìn ipò kẹrin àkọ́kọ́, kò sí ẹni tí yóò bá a wí.

ẸKỌ́ KẸTA: BÍ A KÒ BÁ JÀ BÍ Ó TI YẸ, ADÉ NÁÀ KÌ Í ṢE TIWA

Nínú 2 Tímótíù 2:5, Pọ́ọ̀lù tún padà sí orí pápá. Ohun tí ó sọ níbẹ̀ ni pé agbára nìkan kò tó. Ẹni tí kò bá pa òfin eré mọ́ kò ní adé láti gbà. Ibí yìí ni mo ti ní ẹjọ́ tèmi láti rò.

Mo wà ní SS 2, èmi sì ni balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ wa. A ti dé ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá nínú ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ agbègbè wa. Nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́ta, ibà dá ẹni tí ó máa ń gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n fún wa dùbúlẹ̀. Gbogbo ara mi gbóná. Mo mọ ẹnì kan ní àdúgbò wa tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mú bí abẹ. Ẹni ogún ọdún ni. Ó ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láti JSS 3 nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó sì ń bá àwọn ìyálọ́jà ru apẹ̀rẹ̀ tòmátì ní Ilé-Epo. Ìyá mi wà lára àwọn tí ó ń bá ru ẹrù.

Èmi ni mo ro ìmọ̀ràn náà. Yóò wọ aṣọ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, yóò jẹ́ orúkọ rẹ̀. Àwòrán tí ó wà lára káàdì ìdánimọ̀ ti ṣá débi pé ó lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Mo sọ fún ẹni méjì péré nínú ẹgbẹ́. Mo ṣèlérí owó ọkọ̀ àti oúnjẹ fún arákùnrin náà. Ó bi mí pé, “Ṣé kò ní dá wàhálà sílẹ̀?” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣèyọnu.”

Lọ́jọ́ eré, a tò sórí ìlà. Olùkọ́ wa rìn kọjá níwájú wa, ó ń wo bàtà wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí ó ti máa ń ṣe. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ àlejò wa, ó dúró. Lẹ́yìn náà ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Balógun, ta nìyí?”

Mo dárúkọ ẹni tí ó dùbúlẹ̀ sílé.

“Mo tún bi ọ́. Ta nìyí?”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ yòókù ni ó ń ṣe é.”

Kò pariwo. Ó ní, “N kò bi ọ́ nípa ilé ẹ̀kọ́ yòókù.”

Ó bọ́ àmì balógun kúrò lápá mi, ó fi í fún aṣọ́lé wa. Ó ní kí n lọ jókòó. Ọmọ SS 1 kékeré kan ni ó fi rọ́pò ẹni tí kò yá, ó sì fi òmíràn rọ́pò èmi náà. Wọ́n fi ayò méjì sí òdo nà wá. Nígbà tí fèrè ìparí dún, àwọn ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n wà ní SS 3 jókòó sórí iyanrìn, wọ́n ń sunkún, nítorí pé ìdíje wọn ìkẹyìn nìyẹn nínú aṣọ ilé ẹ̀kọ́ wa. Ọ̀kan nínú wọn wò mí, ó ní, “Ìwọ lo pa wá.” Kò sí èsì lẹ́nu mi. Òótọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ pé mo gbà pé kí a lọ pẹ̀lú ẹni tí a ní, èmi náà ì bá wà lórí pápá, bóyá a kò bá sì borí.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó dójú tì mí jù ṣì ń bọ̀. Mo rí olùkọ́ wa tí ó rìn lọ bá arákùnrin náà níbi tí ó ti ń bọ́ aṣọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ó jókòó tì í lórí koríko. Mo gbọ́ tí ó bi í pé, “Àbúrò, ìwé mélòó lo kà kí o tó dúró?” Ọdún méjì ni mo ti mọ ẹni yẹn. Mo mọ bí ó ti ń fi ẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù. Mo mọ iye tí ìyá mi ń san fún un lórí apẹ̀rẹ̀ kan. N kò bi í ní ìbéèrè yẹn rí.

Kí n tó délé, ìròyìn ti ṣáájú mi. Ìyá mi kò nà mí. Ó kàn ń ṣa tòmátì lọ, ó ya èyí tí ó ti bàjẹ́ sọ́tọ̀, ó sì ní, “Ọmọ mi, ẹni tí ó ń bá mi ru apẹ̀rẹ̀, ìwọ wá fẹ́ kí ó bá ọ ru irọ́.”

Irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí kì í ṣe ti ọmọdé nìkan. Orílẹ̀-èdè wa náà ti jẹ nínú èso rẹ̀. Lẹ́yìn ìdíje Olímpíìkì ọdún 1988, wọ́n rí i pé ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù wa kan kò bá èyí tí a ti kọ sílẹ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀ mu. Àjọ FIFA fi òfin de Nàìjíríà fún ọdún méjì kúrò nínú gbogbo ìdíje àwọn ọ̀dọ́. Ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ti ọdún 1991 tí ó yẹ kí á gbàlejò bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, Potogí ni ó gbà á. Ta ni ó jìyà rẹ̀? Àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn tọ́ ni, àwọn tí wọ́n ti múra sílẹ̀ tí wọn kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a wá gbàlejò ìdíje àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ ní ọdún 2009, ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán egungun ọrùn ọwọ́ ni FIFA fi ń yẹ ọjọ́ orí àwọn ọmọ wò, nítorí pé ìwé ẹ̀rí nìkan kò tó mọ́. Bí irọ́ bá pọ̀ nílùú, olóòótọ́ pàápàá yóò na ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n yẹ ẹ́ wò.

Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ibì kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n gbé ìwé wá bá mi pé kí n fọwọ́ sí i pé ẹrù kan ti dé. Ẹrù náà kò dé. Ẹni tí ó gbé e wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ẹ má jẹ́ kó sú yín, gbogbo ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe é.” Ọ̀rọ̀ ẹnu mi gan-an ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo tún rí iyanrìn, mo tún rí àwọn ẹ̀gbọ́n tí ń sunkún. N kò fọwọ́ sí i. N kò ní sọ pé wọ́n yìn mí. Nígbà tí ọdún parí, wọn kò tún àdéhùn iṣẹ́ mi ṣe, mo sì jókòó sílé fún oṣù mẹ́fà. Ìyàwó mi ni ó ń bọ́ wa. Ṣùgbọ́n orúkọ mi kò sí lára àwọn tí wọ́n wá pè lẹ́yìn náà láti wá rojọ́. Lúùkù 16:10 kò ṣèlérí pé ohun kékeré yóò rọrùn. Ohun tí ó kọ́ wa ni pé inú ohun kékeré ni a ti ń mọ ẹni tí a lè fi ńlá lé lọ́wọ́.

ẸKỌ́ KẸRIN: ẸNI TÍ Ó JÓKÒÓ NÁÀ WÀ NÍNÚ ẸGBẸ́

Lọ́jọ́ tí mo jókòó sórí àga àwọn àfidípò, mo rí ohun tí balógun kì í rí. Mo rí ọmọ kan tí ó ti ń gbé àpò bọ́ọ̀lù wa fún ọdún mẹ́ta, tí kò tíì gbá bọ́ọ̀lù tó ìlàjì wákàtí nínú ìdíje kankan. Òun ni ó ń pọn omi. Òun ni ó ń rán aṣọ tí ó bá ya. Nígbà tí àyè já wá fún un lọ́jọ́ náà, ó ti múra, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ìdí tí wọn kò fi pè é tẹ́lẹ̀.

Stephen Keshi mọ ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ St. Finbarr's College ní Akọka ni, ilé ẹ̀kọ́ tí Fada Denis Slattery láti ilẹ̀ Ireland dá sílẹ̀ ní ọdún 1956. Òun ni balógun Nàìjíríà nígbà tí a gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Tunisia ní ọdún 1994. Síbẹ̀, kò sí lára àwọn mọ́kànlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré àṣekágbá pẹ̀lú Zambia. Balógun jókòó, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ jà, ó sì bá wọn yọ̀. Ní ọdún 2013, ní South Africa, òun kan náà ni ó wá jẹ́ olùkọ́ni tí ó mú Nàìjíríà gba ife náà padà, lẹ́yìn ọdún 19. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń jókòó láìbínú ni a lè fi ẹgbẹ́ lé lọ́wọ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ìka tí ó kéré jù náà wà níbẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ SÍ Ẹ̀YIN ÒBÍ

N kò sọ pé kí gbogbo ọmọ di agbábọ́ọ̀lù. Nínú gbogbo àwọn tí a jọ gbá bọ́ọ̀lù, kò sí ẹnì kan tí ó fi ṣe iṣẹ́ jẹun. Nọ́ọ̀sì wà nínú wa, pásítọ̀ wà, awakọ̀ wà, olùkọ́ wà. Nítorí náà, òbí tí ó bá ń ti ọmọ rẹ̀ sí pápá nítorí owó dọ́là ti ṣi ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni òbí tí ó bá ń lé ọmọ kúrò ní pápá pé ìwé nìkan ni ó lérè. Ìlànà Fada Slattery ní St. Finbarr's ni pé kí ìwé kíkà, bọ́ọ̀lù àti ìkóra-ẹni-níjàánu jọ dúró bí ẹsẹ̀ ààrò mẹ́ta. Ààrò kì í fi ẹsẹ̀ méjì gbé ìkòkò.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn ọmọbìnrin. Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, ti sọ fúnra rẹ̀ pé àwọn òbí òun kò kọ́kọ́ fẹ́ kí òun gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ náà ni ó wá di agbábọ́ọ̀lù obìnrin tí ó dára jùlọ ní Áfíríkà ní ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ọmọbìnrin tí ó bá kọ́ bí a ti ń ṣubú tí a sì ń dìde lórí pápá ti ní ohun ìjà fún ọjọ́ iwájú, ìbáà gba ife tàbí kí ó má gbà á.

Nígbà tí ọmọ yín bá ti orí pápá dé, ẹ jẹ́ kí ìbéèrè àkọ́kọ́ jẹ́, “Báwo lẹ ṣe gbá a?” kí ó tó di, “Mélòó lẹ gbá wọlé?” Ẹ má bú adájọ́ létí ọmọ, ẹni tí ó bá gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń bú adájọ́ lónìí yóò bú olùkọ́ rẹ̀ lọ́la. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá sọ fún yín pé kí ẹ dín ọdún kan tàbí méjì kù nínú ọjọ́ orí ọmọ kí ó lè rí ẹgbẹ́ wọ̀, ẹ rántí pé ẹ̀yin ni ẹ máa kọ́kọ́ kọ́ ọ ní irọ́ tí yóò máa rù títí ayé.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, igun pápá wa yẹn ṣì ń di adágún omi. Nínú gbogbo ẹ̀bùn tí a ó mú wá ní àyájọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí á ro ti ilẹ̀ tí yóò gba ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tí kò ní ibòmíràn láti sáré mọ́ ní gbogbo Òkè-Odò.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ arákùnrin tí mo fẹ́ fi ru irọ́ ti yọrí sí. Olùkọ́ wa àti àwọn kan nínú ìjọ bá a wá ààyè sí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́. Ó ń ru apẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án, ó ń kàwé lálẹ́. Ọdún mẹ́ta ni ó gbà á kí ó tó yege nínú ìdánwò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọ́ iṣẹ́ iná. Òun ni ó ṣe wáyà ilé tí mò ń gbé báyìí. Nígbà tí ó parí iṣẹ́, mo bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, èló ni kí n san?” Ó sọ iye rẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì ní, “O tún jẹ mí ní oúnjẹ ọjọ́ yẹn.” Ìyàwó mi gbé iyán kalẹ̀. A jọ jẹ ẹ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ÌDÍLÉ

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín adé tí ń rọ àti èyí tí kì í rọ nínú 1 Kọ́ríńtì 9? Adé wo ni ẹ̀ ń lépa nínú ilé yín ní ọdún yìí?

2. Ìgbà wo ni ìwọ gbẹ̀yìn sọ pé, “Gbogbo ènìyàn ni ó ń ṣe é”? Kí ni o fẹ́ ṣe nígbà náà?

3. Ta ni ẹni tí ó ń bá yín ru ẹrù lójoojúmọ́, tí ẹ kò tíì bi léèrè nípa ìgbésí ayé rẹ̀?

4. Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ ìtàn ìgbà kan tí ẹ pàdánù fún àwọn ọmọ yín. Ẹ má fi ìtàn ìṣẹ́gun rọ́pò rẹ̀.

Kí Olúwa tí ó fi ọwọ́ mú wa láti orí iyanrìn yẹn dé òní má ṣe jẹ́ kí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa yẹ̀. Àṣèyí ṣe àmọ́dún o.